Ojú Tí Wọ́n Fún Mi ní Libreville

Agbéraga ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa ní Ìbàdàn. Wọ́n ní n kì í kí èèyàn. Bí ìyá àgbà kan bá ń bọ̀ láti iwájú, tó ti ń retí kí n kúnlẹ̀, ńṣe ni màá kọjá lọ ní tèmi, torí pé n kò rí i. Ohun tí mo máa ń rí kò ju àwọ̀ aṣọ lọ: pupa kan ń bọ̀, àwọ̀ ewé kan ń lọ. Ó dìgbà tí èèyàn bá sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi kí ojú àti imú tó yọ lára rẹ̀, ìkíni á sì ti bọ́ nígbà yẹn. Màámi nìkan ló máa ń gbèjà mi. “Ọmọ mi kì í ṣe agbéraga,” á ní. “Ìrònú ló pọ̀ fún un.” Òun náà ò mọ̀ pé ojú ló ń ṣe mí. Èmi alára ò mọ̀. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn, pé àwọn yòókù kàn ní ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ lókèèrè, tí ẹnì kankan ò fi kọ́ mi.

Ojú yẹn ni mo gbé lọ bá ọkọ mi ní Libreville.

Àsìkò tí owó epo ń wọ Gàbọ́ọ̀nù ni. Rámónì, ọkọ mi, ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Kalikak, ó ń ta abọ́, fìtílà, bàtà rọ́bà àti ohunkóhun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń béèrè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́lé tuntun sígboro. Ọkọ̀ akóyanrìn ò sinmi. Òyìnbó Faransé kún etí òkun, àwọn èèyàn sì ń ti Benin, Mali, Kamẹrúùnù àti ilẹ̀ wa wá bí ẹni tí wọ́n fi ìwé pè. Epo wà ní Nàìjíríà náà nígbà yẹn, àwọn ará ilé sì bi wá léèrè pé kí la wá ń wá lọ sọ́hùn-ún. Rámónì ní òun ti rí ibi tí òun ti ń jẹun, òun ò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Òjò ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó máa ń rọ̀ títí tí n kò ní gbọ́ ohùn ara mi lábẹ́ páànù. Lẹ́yìn náà ni èdè. Mbolo ni wọ́n fi ń kí ara wọn lọ́jà, ìyẹn ò ṣòro, àmọ́ bí mo bá ti dáhùn tán, Faransé ló kù, bonjour nìkan ni mo sì gbọ́ nínú rẹ̀. Rámónì á ti jáde láàárọ̀. Èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo àwọ̀ tó ń bọ̀ àti àwọ̀ tó ń lọ. Ọ̀sán ló máa ń gùn jù. Ohùn Màámi máa ń sọ sí mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń dáhùn nígbà míì.

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Àlájà Mọ̀ríámọ̀ ni olórí àwọn obìnrin wa, ọmọ Ìwó ni, ó ti pẹ́ ní Libreville, ó ń ta aṣọ. Ó gbé ìrẹsì wá kí mi káàbọ̀, ó sì súre fún mi. Kò pẹ́ sígbà náà ló bá wọlé tọ Rámónì wá ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo ń to bàtà sílẹ̀ lẹ́yìn pẹpẹ.

“Rámónì, ìyàwó tó o gbé dé yìí, ọmọ ta ni?”

“Kí ló dé, Àlájà?”

“Mo dúró lójú ọ̀nà lánàá, mo ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó wò mí lójú kòrókòró, ó sì kọjá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. N ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn ní kó o mọ̀.”

Mo jáde síta, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, n ò rí yín. Ó ní, “Ìwọ tó o wò mí lójú?” Ó sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ, Rámónì nìkan ni wọ́n máa ń pè. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, pé, “Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?”  Mo sunkún nítorí pé èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé nǹkan burúkú kan wà nínú mi tí àwọn èèyàn ń rí, témi ò rí.

* * *

Ìyá Àfúsá ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe mí. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ni, Nàgó ni, ó ní ilé ìránṣọ ní Atong Abè. Nàgó tirẹ̀ àti Yorùbá tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ jọra, Faransé sì máa ń já wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ a gbọ́ ara wa yé. Mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán díẹ̀ nílé, ló bá gbà mí síṣẹ́. Ó wò mí fúngbà díẹ̀ níbi tí mo ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

“Ìyàwó, ṣé o ń rán an ni àbí o ń fẹnu kò ó lẹ́nu?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí dìde, ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà.

“Ilé tó wà ní òdìkejì yẹn, kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀?”

“Ilé wo?”

Ó nawọ́ sí i. Ilé elégbòogi ńlá kan ni, wọ́n kun ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n fi lẹ́tà funfun gàdàgbà kọ orúkọ sí i, mo sì ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń bọ̀ níṣẹ́. Ìyá Àfúsá di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ mi,” ó ní, “ojú ẹ ò dáa. Ṣé ẹnì kankan ò tíì sọ ọ́ fún ẹ ni?”

Òun ló mú mi lọ sígboro, lọ́dọ̀ òyìnbó obìnrin kan tó ń yẹ ojú wò tó sì ń ta awò. Madame náà ní sùúrù. Ó gbé ẹ̀rọ kan sójú mi, ó ń pààrọ̀ awò ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń béèrè pé èwo ló sàn jù, Ìyá Àfúsá sì ń túmọ̀. Nígbà tó parí, ó mú bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan jáde látinú àpótí tábìlì rẹ̀. Ó ní bó ṣe yẹ kí iwájú ẹyinjú èèyàn rí nìyẹn, kó rí roboto níhà gbogbo. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò tẹ bọ́ọ̀lù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Nǹkan méjì ló ṣe ojú mi: kì í ríran jìnnà, ó sì tẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tó jìnnà di èéfín. Èkejì ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mi má pàdé síbì kan, tí ìlà tó dúró fi máa ń mọ́ díẹ̀ nígbà tí èyí tó sùn á rí bàìbàì.

“Ó ní ṣé ojú ti ń ṣe ẹ báyìí látilẹ̀ wá?” ni Ìyá Àfúsá bi mí.

Mo ní n kò mọ̀ pé ojú míì wà.

Nígbà tí awò ojú náà dé, mo wọ̀ ọ́ jáde síta, mo sì dúró gbagidi. Igi ní ewé. Mo mọ̀ pé igi ní ewé, mo ti ja ewé rí, àmọ́ n kò mọ̀ pé èèyàn lè dúró nílẹ̀ kó máa rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àfúsá dúró dè mí.  Nígbà tá a fẹ́ kọjá gọ́tà, mo gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fo ògiri, torí pé ilẹ̀ ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójú mi.

Mi ò lè purọ́ mọ́ awò yẹn, ó ṣe mí lóore. Àmọ́ ó nípọn bí ìdí ìgò. Ó ń sọ gbogbo nǹkan di kékeré. Ẹni tó ga á di ràrá, ọwọ́ ara mi á dà bí ọwọ́ ọmọdé lórí aṣọ. Àárín rẹ̀ nìkan ló mọ́. Bí mo bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìyí orí, ògiri á tẹ̀, ìlà ìránṣọ tó gún á wọ́. Ooru Libreville á jẹ́ kó yọ̀ wálẹ̀ lórí imú mi, bí òjò bá sì ti rọ̀ ìrì á bò ó. Àwọn ọmọ Kalikak ń pè mí ní oníìgò. Àwọn obìnrin wa rí i náà. Àmọ́ wọ́n ti gbà pé agbéraga ni mí, ńṣe ni wọ́n sì ní mo ti wá di òyìnbó.

* * *

Mo máa ń bá Màámi sọ̀rọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èèyàn á tò, wọ́n á pe orúkọ ẹ, wàá wọ inú yàrá kékeré kan tó ń rùn bí àágùn àwọn tó ti sọkún síbẹ̀ ṣáájú. Lọ́yà kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Ìbàdàn ló ní tẹlifóònù, Màámi á sì lọ jókòó sílé rẹ̀ lọ́jọ́ tá a bá dá. Nígbà míì ariwo á bo wáyà náà, nígbà míì ohùn ẹlòmíì ni màá bá níbẹ̀. Bí a bá rí ara wa gbọ́, ìkíni nìkan á jẹ ìdajì àkókò náà.

Ìgbà tí mo bí Rìsíkátù, ọmọ mi obìnrin, Màámi kígbe lórí fóònù tí lọ́yà fi sáré wá wò ó. Mo ya fọ́tò ọmọ náà, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ sílé. Nígbà tí mo pè, mo béèrè bó ṣe rí i.

“Ó dáa,” ni Màámi wí. “Wọ́n ní ẹ ló jọ.”

“Wọ́n ní? Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi náà. Ẹ ló jọ.”

Mo bi í pé ta ló sìn ín wá. Ó ní Làmídì, ẹ̀gbọ́n mi, ló fa òun lọ́wọ́ wá. Mo rò pé bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ni.

* * *

Lẹ́yìn tí mo já Rìsí lẹ́nu ọmú ni Madame sọ fún mi nípa àwọn awò kékeré tí wọ́n ń fi sínú ojú, tí wọ́n ti ń kó wá láti Faransé. Lentilles ni wọ́n ń pè é. Awò inú ẹyinjú ni èmi ń pè é. Àwọn ìyàwó òyìnbó ló ń lò ó jù. Rámónì kọ́kọ́ ní ṣé mo fẹ́ gún ara mi lójú ni. Ó wá rí bí mo ṣe ń yọ awò mi nù ní gbogbo ìgbà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n lọ.

Èyí tó rọ̀ ni Madame kọ́kọ́ fún mi. Ó rọ̀ bí awọ ẹyin, ó tutù, nígbà tó sì ti wọlé n kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lójú mi. Mo gbójú sókè. Gbogbo nǹkan ti padà sí bó ṣe tóbi. Kò sí irin tó yí ojú mi ká, kò sí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀. Mo lè yí ojú síbi tó wù mí, ibẹ̀ á sì dúró dè mí. Mo bú sẹ́kún lórí àga Madame, ó sì fún mi ní áńkáṣíìfù.

Àmọ́ ayọ̀ yẹn ò dúró. Bí mo ṣe ń lò ó, mo rí i pé òjìji wà lẹ́yìn gbogbo nǹkan. Lẹ́tà ara ilé elégbòogi yẹn ní lẹ́tà míì tó ràn mọ́ ọn lókè bí èéfín. Iná ọkọ̀ ní ìrù. Bí mo bá fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú, òwú á di méjì, n ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Bí mo bá ṣẹ́jú, á mọ́ díẹ̀, á tún yí. Ó sàn ju ojú tí mo gbé wá láti Ìbàdàn lọ fíìfíì, àmọ́ kò mọ́ gaara.

Mo padà sọ́dọ̀ Madame, mo ti lè sọ Faransé díẹ̀ fúnra mi nígbà yẹn. Ó mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì da ìnujú tútù bò ó. Ìnujú náà tẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀lù ti tẹ̀. Ó yé mi kíá, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Aṣọ tó rọ̀ á gba ìrísí ara tó bò. Bí èjìká bá wọ́, aṣọ náà á wọ́. Awò tó rọ̀ yìí wo àìríran-jìnnà mi sàn, àmọ́ ó sùn lé ẹyinjú mi bó ṣe rí, ó tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tá a bá fẹ́ kí kọ́là ẹ̀wù dúró, a máa ń fi aṣọ líle sí inú rẹ̀. Madame ní irú ìyẹn wà: awò líle, tó máa ń di ìrísí ara rẹ̀ mú. Kò ní tẹ̀ lé ojú mi. Omi ojú mi ló máa kún àlàfo tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, iwájú ẹyinjú mi á sì dà bíi pé ó rí roboto. Ó ní ó máa dùn mí o.

Ó dùn mí lóòótọ́. Bíi kí yanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú ni. Ojú mi pupa, omi ń dà, mi ò lè wo oòrùn. Bí mo bá yọ ọ́ nírọ̀lẹ́ tí mo wọ awò ìgò mi, ojú Rámónì gan-an á ṣókùnkùn sí mi fún wákàtí kan gbáko, torí pé awò líle náà ti tẹ ẹyinjú mi sí ọ̀nà míì. Rámónì ní, “Jọ̀wọ́, fi sílẹ̀. Bó o ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ.” Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe é díẹ̀ sí i.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé aṣọ lọ wọ̀n fún oníbàárà kan ní àdúgbò Batterie IV. Ìrora náà ti ń rọlẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú táásì, mo sì wo ìsàlẹ̀ òpópónà náà lọ sí òkun. Ọkọ̀ ojú omi kan dúró síbẹ̀. Mo rí àkàbà lára rẹ̀. Mo rí ọkùnrin tó ń gun àkàbà náà, mo rí i pé fìlà wà lórí rẹ̀. Kò sí òjìji kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo dúró síbẹ̀ títí tí oníbàárà mi fi jáde wá wò mí.

Àlájà Mọ̀ríámọ̀ ni mo wá kọ́kọ́ dá mọ̀ lókèèrè láyé mi. Ó wà ní òdìkejì títì ní Kalikak, ó ń ná ẹja. Mo rí ìlà tó wà láàárín gèlè rẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, lórí ilẹ̀ tó tutù.

“Àlájà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó tó rí mi. Ó sọdá wá.

“Ìyá Rìsí, ibí yìí lo ti rí mi?”

“Ibí yìí ni, mà. Mo rí i pé ẹja náà ò wù yín.”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti Ìbàdàn wá. Ó dúró, ó ń gbọ́, omi ẹja ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, “A ti bínú sí ẹ lásán,” ó sì fi ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja di orí mi mú, ó ṣàdúrà sí i. Ní ìkómọ tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn pín oúnjẹ.

Mo sáré lọ sọ fún Màámi lórí fóònù. Mo sọ nípa ọkọ̀ ojú omi, nípa ewé, nípa Àlájà.

“Ìyẹn ni pé tó o bá dé, wàá rí mi látìta,” ni Màámi wí.

“Láti oríta ni màá ti rí yín.”

 Ó wá ní, “Ọlọ́run ṣeun. Máa tọ́jú ojú náà.”

* * *

Ó ṣẹlẹ̀ pé bí ojú mi ṣe ń mọ́ ni mo ń rí bí mo ṣe jìnnà sílé tó. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ibi ló dọ́gba lójú mi, èéfín Ìbàdàn àti èéfín Libreville ò yàtọ̀. Nísinsìnyí mo rí ojú àwọn èèyàn, kò sì sí èyí tí mo bá dàgbà nínú wọn. Rìsí ń fi Faransé kọrin, ó ń fi Faransé lálàá. Bí mo bá bá a sọ Yorùbá, oui, maman ni èsì rẹ̀. Mo mọ ojú Madame, mo mọ ojú Ìyá Àfúsá, mo mọ ojú ẹlẹ́ja. Ojú ìyá mi, n kò tíì rí i rí láìjẹ́ pé mo wà ní itan rẹ̀. N kò mọ bó ṣe ń rìn. N kò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tó bá ń wo èèyàn tó ń bọ̀. Ìyẹn ló wá ń ṣe mí bí ebi. Rámónì rí i. Ó ní kí èmi àti Rìsí lọ sílé.

Ìgbà ọyẹ́ ni a dé. Mo ní kí awakọ̀ já wa sílẹ̀ ní oríta, mo di Rìsí lọ́wọ́ mú. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Eruku ti ń ta mí lójú lábẹ́ awò, mo ń ṣẹ́jú kí n má bàa yọ wọ́n.

Mo rí i. Ó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àpótí, ó wé ìborùn àwọ̀ aró, irun funfun yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó dára ju bí mo ti rò lọ. Ó dojú kọ mí gan-an. Mo dúró kí ó lè rí mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo kúnlẹ̀ nínú eruku. Rìsí náà kúnlẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Kò dìde. Kò pè mí. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ò yí padà. Mo rò pé ó ń bínú nítorí pé mo pẹ́.

Làmídì ló jáde láti inú ilé, ló rí wa. Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ìyá wa, ó sì tẹ̀ sọ ọ́ sí i létí. Màámi dìde lójijì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, sí ibi tí n kò sí, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá àtẹ̀gùn. Mo sáré. Omi ti kún ojú mi, awò ń léfòó lórí rẹ̀, ìyá mi ń pín sí méjì, sí mẹ́ta, ó ń yọ́ dànù. Mo dì í mú kí n tó lè rí i dáadáa.

“Ẹ ò sọ fún mi,” ni mo ń wí. “Màámi, ẹ ò sọ fún mi.”

“Kí ni kí n sọ?” Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ojú mi, ó ń wá mi kiri. “Inú ẹ ń dùn. Ò ń sọ fún mi pé o ti ń rí ewé. Ṣé orí ìyẹn ni kí n wá gbé tèmi lé?”

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Làmídì ní àwọn ti lọ, ó ní kò sóògùn. Mo ní ó gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n wo èmi, ṣebí wọ́n tún ojú tèmi ṣe. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù kan, yẹ ojú rẹ̀ wò, ó sì yẹ tèmi náà wò nígbà tí n kò yé bẹ̀ ẹ́. Ó ní iwájú ojú ni tèmi ti bàjẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ìyẹn ni awò fi lè tún un ṣe. Ó ní ti ìyá mi, ẹ̀yìn ni. Agbára omi inú ẹyinjú ti pọ̀ jù, ó ti pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú orí, díẹ̀díẹ̀, láìrora. Iṣan náà kì í jí padà. Kò sí awò kankan, rírọ̀ tàbí líle, tó lè débẹ̀. Ó sọ pé kí n máa bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò tèmi lọ́dọọdún, torí pé irú àìsàn ojú ti ìyá mi máa ń tẹ̀ lé ìdílé.

Nígbà tá a délé, Màámi ní kí n jókòó síwájú òun.

“Níbo ló wà, nǹkan náà?”

“Lórí ẹyinjú mi, Màámi. Àwọn méjèèjì.”

“Dijú.”

Mo dijú. Ó fi ìka kan ra ìpéǹpéjú mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tó fi kan etí awò náà lábẹ́ awọ. Ó dúró síbẹ̀.

“Báyìí ló ṣe kéré tó?”

“Báyìí ni.”

“Ó dára,” ni ó wí. Ó gbé ìka rẹ̀ sí ojú kejì, ó fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n sọ fún òun bí òun ṣe rí báyìí. Mo sọ ọ́, láìfi ohunkóhun pamọ́: irun rẹ̀, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí. Mo ní ó rẹwà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ sí Libreville. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ púpọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

“Níbí,” ó ní, “mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga. Mo mọ ìrìn ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bí ẹnì kan bá kí mi, mo mọ bàbá rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ohùn ta ni màá mọ̀? Ọmọ ẹ gan-an, n ò gbọ́ ohun tó ń wí.”

“Èmi wà níbẹ̀, Màámi.”

“Iṣẹ́ ni ìwọ máa wà.”

Làmídì ní bí mo bá dúró ńkọ́, kí Rámónì wá bá mi. Kò ṣeé ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wà lọ́hùn-ún, ilé ìwé Rìsí wà lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà tí Ìyá Àfúsá ti fà lé mi lọ́wọ́. Èèyàn á rò pé òun kàn lọ ṣiṣẹ́ níbì kan ni, kó tó mọ̀, ibẹ̀ ti gba ìdajì òun, ilé sì di ìdajì tó kù mú, kò sì sí èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ tá a fẹ́ padà, Làmídì ló fẹ́ fi ọkọ̀ gbé wa dé Èkó. Ọkọ̀ náà dúró níwájú ilé, Màámi sì fọwọ́ ba ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fọwọ́ ba orí Rìsí lójú fèrèsé, ó fọwọ́ ba ojú mi. Làmídì mú un padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹ́ kó di òpó mú. Wọ́n ti da yanrìn ìkọ́lé dí iwájú ọ̀nà wa, Làmídì sì fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé yípo lọ sí apá kejì. Ẹ̀rọ ọlọ àgbàdo aládùúgbò wa ń ké, kò jẹ́ kí Màámi gbọ́ ibi tí ìró ọkọ̀ náà gbà lọ.

Mo yíjú padà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òjò kékeré kan ti pa eruku, ojú mi mọ́ kedere. Màámi ń juwọ́. Ó dojú kọ iwájú ilé, ibi tí ọkọ̀ ti dúró sí, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń jù ú lọ jù ú bọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Mo rí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ibi tí apá búbà rẹ̀ ti já díẹ̀.

Rìsí kúnlẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń wo ẹ̀yìn pẹ̀lú mi, ó wá fi Faransé bi mí.

“Maman, ta ni Màmá àgbà ń juwọ́ sí?”

“Àwa ni,” ni mo wí.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń juwọ́ padà. Èmi náà juwọ́. A ń juwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ títí tí igun ilé lọ́yà fi bò ó. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn.